Ọwọ́ Mi Ló Di Èjìká Happiness

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ má wulẹ̀ káàánú mi. Bí ẹ bá ka ọ̀rọ̀ yìí tán tí ẹ sì ṣépè fún mi, ẹ̀tọ́ yín ni. Ohun tí mo kàn fẹ́ ni kí ẹni tó bá wà nípò tí mo wà lọ́jọ́ náà rí i kà, kí ọwọ́ rẹ̀ má baà ṣe ohun tí ọwọ́ mi ṣe.

Sẹ̀gilọlá lorúkọ mi, ọmọ Ìkàrẹ́ ni mí. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ṣeré rọ́gíbì líìgì fún ẹgbẹ́ Agbọ́n Àkókó. Iṣẹ́ oṣù ni, kì í ṣe eré ọwọ́ dilẹ̀. Obìnrin mẹ́tàlá ló ń kojú obìnrin mẹ́tàlá. Ọwọ́ la fi ń gbé bọ́ọ̀lù. Ẹni tó bá gbé e dé ẹ̀yìn ìlà àwọn ọ̀tá tó sì fi kanlẹ̀ ti gba tíráì kan. Kí ó tó débẹ̀, wọ́n á gbé e, wọ́n á là á mọ́lẹ̀, á dìde, wọ́n á tún là á mọ́lẹ̀.

Ara ògiri yàrá tí a ti ń múra ni wọ́n fi ọ̀dà dúdú kọ àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ wa sí. Eré méjìlélógún la ti ṣe léra-léra, ẹnikẹ́ni kò borí wa. Lábẹ́ rẹ̀ ni orúkọ wa wà, pẹ̀lú iye tíráì kálukú. Orúkọ mi ló wà lókè pátápátá: Sẹ̀gilọlá, ọgọ́ta. Kí n tó bọ́ bàtà láàárọ̀, mo máa ń kọ́kọ́ wò ó. Ẹ lè fi mí rẹ́rìn-ín tí ẹ bá fẹ́.

Àṣà kan wà nínú ẹgbẹ́ wa. Bí èjìká kan bá ń dun ènìyàn, èjìká méjèèjì la máa fi pílásítà fífẹ̀ dì fún un. Bí orúnkún kan ni, orúnkún méjèèjì ni. Àwọn ọ̀tá kò ní mọ èyí tí wọn ì bá dojú kọ. Gbogbo wa la ní ìkejì. Ìkejì rẹ nìkan ló máa dì ọ́, òun náà nìkan ló sì máa tú u lẹ́yìn eré. Ezekiel, kóòṣì wa, ló dá àṣà náà sílẹ̀, a sì mú un bí ìbúra.

Aisha ni ìkejì mi àkọ́kọ́. Nígbà tó lọ́kọ sí Kàbbà, ó darapọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ wọn níbẹ̀. Ni mo bá mú Happiness.

Ọ̀kà ni Happiness ti wá. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa, ó sì ń bẹ̀rù ilẹ̀. Èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi èjìká wọlé síni lábẹ́ ìgbáàyà, bí wọ́n ṣe ń ṣubú tí ọrùn kò fi ní ṣẹ́. Àǹtí Sẹ̀gi ló ń pè mí. Ọjọ́ tí òjò bá ká a mọ́ Ìkàrẹ́, ilé mi ló ti máa jẹun.

Láàárín ọdún mẹ́ta, ọmọ yìí di nǹkan mìíràn. Tó bá gba bọ́ọ̀lù, àwọn ènìyàn á dìde lórí bẹ́ǹṣì. Nígbà tí a fi máa dé eré àṣekágbá ọdún tó kọjá, tíráì rẹ̀ ti di mọ́kàndínlọ́gọ́ta. Èmi ti pé ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, orúnkún mi sì ti ń ké.

"Màmá, ẹ bá wa tọ́jú ọ̀dà dúdú yẹn o," àwọn ọmọ ẹgbẹ́ á ní, "a máa tó lò ó."

Mo ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Tí mo bá délé, mo máa ń jókòó yọ iye tíráì rẹ̀ kúrò nínú tèmi.

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí a ṣe àṣekágbá nígbà tí èjìká òsì Happiness yẹ̀ níbi ìgbáradì. Àwọn yòókù ti lọ sílé. Kóòṣì, èmi àti òun nìkan la wà lórí pápá. Kóòṣì gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, wọ́n fà á padà sípò. Dókítà ní tí wọ́n bá tún kọlu ibẹ̀ gidi lẹ́ẹ̀kan sí i, iṣan tó ń lọ sí ọwọ́ lè já, ọwọ́ náà ò sì ní wúlò mọ́.

"O ò ní ṣeré," Kóòṣì wí.

Happiness kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀. "Kóòṣì, ẹ jọ̀ọ́. Àwọn ará Ọsirélíà tó ń wá ẹléré ń bọ̀ wá wò mí. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ń bọ̀. Tí wọn ò bá rí mi lọ́jọ́ yẹn, ó ti parí fún mi nìyẹn."

Kóòṣì yíjú sí mi. "Sẹ̀gi, kí lo rí sí i?"

"Ẹ jẹ́ kó ṣeré, Kóòṣì. Èmi ni màá dì í."

Ó mí kanlẹ̀. "Kò gbọ́dọ̀ kọjá ẹnu àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta o."

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé lọ́jọ́ náà, inú kan ni mo fi sọ ọ́. Inú mi kò tíì dìdàkudà nígbà náà.

Ọjọ́ Jímọ́ tó ṣáájú eré, ní ọ̀sán, Aisha wá kí mi nílé. Ẹgbẹ́ Kàbbà, tí a máa bá ṣe àṣekágbá, ti dé sí Ìkàrẹ́. Mo gbé iyán fún un. A ṣẹ̀fẹ̀, a sọ̀rọ̀ àná, a rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Lẹ́yìn náà ló fọwọ́ nu ẹnu.

"Sẹ̀gi, wọ́n ní ọmọ Ọ̀kà yẹn ti fẹ́ gba ipò mọ́ ẹ lọ́wọ́."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Ta ni ò mọ̀? Ọ̀la ló máa kọjá ẹ, lójú àwọn òyìnbó. Ọdún mẹ́sàn-án! Ìṣẹ́jú kan ni wọ́n á fi kọ orúkọ ẹlòmíràn sórí tìẹ."

Inú ń bí mi, nítorí òótọ́ ló ń sọ.

"Mo gbọ́ pé èjìká ń dùn ún, mo sì mọ̀ pé ẹ máa dì í méjèèjì," ó ní. "Mo ti wà níbẹ̀ rí. Èwo gan-an ni kò dáa?"

"Aisha, àbẹ́ẹ̀gì. O mọ̀ pé mi ò lè sọ."

"Èmi ò ní kí o sọ̀rọ̀."

Ó ń wò mí. Ẹ̀rọ ìlọta aládùúgbò mi ń pariwo lẹ́yìn fèrèsé. Mo lè ní kó dìde kó máa lọ. Mo lè bú u. Ọwọ́ ọ̀tún mi gbéra lórí itan mi, ó gòkè, ó lọ fi ìka méjì kan èjìká òsì mi. Ó tún padà sórí itan.

Aisha mi orí pé òun ti gbọ́. Ó fọ ọwọ́ rẹ̀ nínú abọ́ omi, ó dúpẹ́ fún iyán, ó lọ.

Mo sọ fún ara mi pé mi ò sọ nǹkan kan. Mo ní wọ́n kàn máa dẹ́rù bà á díẹ̀ ni, kó má lè sáré dé ìlà. Irọ́ ni mò ń pa fún ara mi. Mo mọ ohun tí dókítà sọ. Aisha ni kò mọ̀ ọ́n.

Lọ́jọ́ kejì, ní yàrá ìmúra, Happiness jókòó síwájú mi, ó bọ́ aṣọ lórí èjìká.

"Àǹtí Sẹ̀gi, ẹ dì í kó le dáadáa o. Màmá mi wá láti Ọ̀kà. Bọ̀dá Godwin náà wá."

Mo di òsì. Mo di ọ̀tún. Ọwọ́ mi kò gbọ̀n rárá, èyí sì ń bà mí lẹ́rù títí dòní. Nígbà tí mo ṣe tán, ó gbá mi mọ́ra, ó ní, "Ọlọ́run á bù kún yín."

Ìṣẹ́jú kẹta ni Aisha kọ́kọ́ wọlé sí i. Ó fò kọjá ẹni méjì tó wà nítòsí, ó sì fi orí àti apá kọlu èjìká òsì rẹ̀. Happiness ṣubú, ó dìde, ó gbọn ara. Ní ìṣẹ́jú kẹwàá, ẹlòmíràn ló wọlé, òsì náà ni. Lẹ́yìn náà, wọ́n dì mọ́ ọn ní mẹ́ta, ọ̀kan sì fi orúnkún tẹ èjìká náà mọ́lẹ̀ kí rẹfirí tó fọn fèrè. Mo rí i tó bu ẹnu jẹ kó má baà ké. Ẹ̀jẹ̀ ń jáde ní ètè rẹ̀.

"Rẹfirí, ṣé o fọ́jú ni?" Kóòṣì ń ké ní ẹ̀gbẹ́ pápá.

Àwa náà ò kúkú jókòó. A fi ara kọlù wọ́n. Mo gbá obìnrin kan ní àyà títí tí afẹ́fẹ́ fi tán nínú rẹ̀, ó dùbúlẹ̀ ó ń wá èémí. Eyín ẹnìkan bọ́ sórí koríko. Àwọn èrò ń hó.

Nígbà tí eré ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Happiness gba bọ́ọ̀lù, ó fi ọwọ́ ọ̀tún nìkan gbá a mọ́ àyà, ó sì fò gba àárín wọn kọjá. Ó fi kanlẹ̀. Ọgọ́ta. Ó sáré wá bá mi, ó ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ lẹ́nu.

"Àǹtí, a ti dọ́gba o!"

Mo fọwọ́ gbá a lẹ́yìn. Inú mi dúdú bíi ìdí ìkòkò.

Ó ku ìṣẹ́jú kan, ẹgbẹ́ méjèèjì wà ní ọ̀mì. Bọ́ọ̀lù tún kan Happiness. Ìlà kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ. Aisha ń bọ̀ láti iwájú, ẹlòmíràn ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́, Aisha sì ń pariwo sí ẹnìkejì rẹ̀ pé, "Òsì! Òsì! Òsì!"

Gbogbo wa la gbọ́ ọ. Happiness gbọ́ ọ. Ó yí ojú wò mí, bọ́ọ̀lù sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ síbẹ̀.

Àwọn méjèèjì kọlù ú lẹ́ẹ̀kan náà. Mo gbọ́ nígbà tí egungun èjìká rẹ̀ yẹ̀. Bó ṣe ń ṣubú, ó ju bọ́ọ̀lù sí mi. Lẹ́yìn gbogbo ohun tó ti yé e ní ìṣẹ́jú àáyá yẹn, èmi ló ju bọ́ọ̀lù sí, nítorí èmi ló wà nítòsí, ó sì fẹ́ kí ẹgbẹ́ wa borí.

Mo gbé e, mo sáré. Lẹ́yìn mi ni igbe rẹ̀ wà. Mi ò bojú wẹ̀yìn. Mo fi bọ́ọ̀lù kanlẹ̀, mo sì na ọwọ́ méjèèjì sókè. Ọ̀kanlélọ́gọ́ta. Eré mẹ́tàlélógún láìpàdánù.

Ní ọsibítù, wọ́n ní iṣan ti já. Ìka ọwọ́ òsì rẹ̀ kò mira. Àwọn ará Ọsirélíà ti wọ mọ́tò wọn lọ.

Godwin, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń gun ọ̀kadà ní Ọ̀kà, fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan ní kọ́rídọ̀. "Àǹtí, Happiness ní ẹni méjì péré ló mọ̀ pé òsì ni. Ẹ̀yin àti Kóòṣì. Èwo nínú yín ló tà á?"

Ibí yìí ló ti yẹ kí n jẹ́wọ́. Kí ni mo sọ?

"Ṣé èmi tí mo dì í, Godwin? Èmi tí ó ń jẹun nílé mi?" Mo rẹ ohùn sílẹ̀. "Mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀ o, ṣùgbọ́n mo rí Kóòṣì pẹ̀lú àwọn ará Kàbbà ní Jímọ́."

Mo purọ́. Mi ò rí Kóòṣì níbì kankan.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo ń bọ̀ ní pápá nígbà tí mo rí ọ̀kadà mẹ́fà lẹ́nu géètì. Kóòṣì ń bọ̀ láti ọ̀ọ́kán, ó gbé àpò bọ́ọ̀lù kọ́ èjìká. Godwin kò kí i. Ìkúùkù ló kọ́kọ́ fi bá a sọ̀rọ̀. Àpò tú, bọ́ọ̀lù ń yí káàkiri títì. Wọ́n wọ́ Kóòṣì lọ́rùn aṣọ, wọ́n gbá a nípàá ní ìhà. Ọ̀kan bọ́ bẹ́líìtì, irin orí rẹ̀ sì ń ba ojú Kóòṣì ní ẹ̀ẹ̀kan, ní ẹ̀ẹ̀mejì, ní ẹ̀ẹ̀mẹta.

"Èló ni wọ́n fún ẹ?" Godwin ń ké, ó ń sunkún. "Èló ni ọwọ́ àbúrò mi?"

"Èmi kọ́! Mo fi Ọlọ́run búra, èmi kọ́!"

Nígbà náà ló rí mi. Mo dúró sẹ́yìn ògiri géètì, mo di irin mú. Ẹ̀jẹ̀ ti bo ojú rẹ̀ kan. Ó mọ̀ pé òun kọ́, nítorí náà ó mọ ẹni tó jẹ́.

"Sẹ̀gilọlá," ó ní, "sọ fún wọn."

Mo yí ẹ̀yìn padà, mo lọ sílé. Ìró bẹ́líìtì náà tẹ̀ lé mi dé kọ́nà.

Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n pè mí láti ọsibítù. Nọ́ọ̀sì ní àwọn ti tú pílásítà ti òsì nígbà tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ, ṣùgbọ́n Happiness kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú ti ọ̀tún. Ó ní ẹni tó dì í ló máa tú u.

Mo wọlé. Happiness wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ìyá rẹ̀ jókòó sí ẹsẹ̀ rẹ̀, Godwin sì fara ti ògiri. Kò sí ẹni tó dá ìkíni mi lóhùn. Mo jókòó, mo mú sísọ́ọ̀sì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gé e.

"Àǹtí Sẹ̀gi," ó ní jẹ́ẹ́jẹ́, "báwo ni Aisha ṣe mọ̀?"

"Mo ti sọ fún Godwin. Kóòṣì ni."

"Ẹ tún un sọ."

"Kóòṣì ni, Happiness."

"Àǹtí Aisha, ẹ máa bọ̀."

Ilẹ̀kùn ṣí. Aisha wọlé, ojú rẹ̀ wú fún ẹkún. Òun fúnra rẹ̀ ló wọ mọ́tò láti Kàbbà wá bẹ Happiness láàárọ̀ ọjọ́ náà.

"Sẹ̀gi, o ò sọ fún mi pé ó ti yẹ̀ rí," ó wí. "Mo rò pé ó kàn ń dùn ún ni. O jókòó síwájú mi, o fọwọ́ kan èjìká rẹ báyìí." Ó fi ìka méjì kan èjìká òsì rẹ̀, gẹ́lẹ́ bí mo ṣe ṣe é. "O mọ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ lè kú, o sì fi hàn mí."

Sísọ́ọ̀sì bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo fẹ́ ní mi ò sọ nǹkan kan. Àwíjàre tí mo ti tọ́jú láti Jímọ́ nìyẹn, kò sì jáde.

Ìyá Happiness dìde. Ìgbátí àkọ́kọ́ jẹ́ kí etí mi hó. Lẹ́yìn náà ló gbé fíláàsì omi gbígbóná, ó sì fi là mí níwájú orí. Àpá rẹ̀ ṣì wà lórí mi.

"Kí lí mo fi ṣe ọ́?" ó ń ké. "Kí lí ọmọ mi fi ṣe ọ́? Ulé rẹ lọ́mọ mi ti ń jẹun! Mo ń fi ọ́ sínú àdúrà!"

Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn wọ ojú mi. Godwin ti wà lórí mi, ó ti di ọrùn mi mú, ó ń fún un. Mi ò jà. Ojú mi ti ń ṣú nígbà tí mo gbọ́ ohùn Happiness.

"Bọ̀dá, ẹ fi í sílẹ̀! Ẹ ti lu ẹni tí kò ṣe nǹkan kan!"

Ọwọ́ Godwin tú. Ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sì bú sẹ́kún bí ọmọdé.

Happiness na èjìká ọ̀tún rẹ̀ sí mi. "Ẹ tú u tán," ó ní, "kí ẹ máa lọ."

Mo tú u. Ẹ̀jẹ̀ mi ń kán sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò pè mí ní Àǹtí mọ́.

Àwọn ọlọ́pàá mú Godwin, ilé ẹjọ́ sì rán an lẹ́wọ̀n oṣù mẹ́jọ. Ojú òsì Kóòṣì kò ríran mọ́. Ó ti padà sí Ọ̀bà, ìlú rẹ̀. Mo lọ kúnlẹ̀ níwájú ilé rẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó yí ẹ̀yìn sí mi.

"Ojú kan ló kù fún mi," ó wí. "Mi ò fẹ́ fi wò ọ́."

Ẹgbẹ́ lé mi. Àwọn ọmọ fẹ́ fi ọ̀dà pa orúkọ mi rẹ́ lára ògiri. Mo gbọ́ pé Happiness ló ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ó ní, "Ó gbé bọ́ọ̀lù dé ẹ̀yìn ìlà, òótọ́ ni. Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀." Ì bá tẹ́ mi lọ́rùn kí wọ́n fi òòlù fọ́ ògiri náà.

Òun ló ń kọ́ àwọn ọmọ tuntun báyìí. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ti rọ, ó fi aṣọ gbé e kọ́ ọrùn.

Ní oṣù tó kọjá, mo yọ́ lọ sí pápá nígbà tí wọ́n ń múra eré. Mo gba ẹ̀yìn fèrèsé yàrá ìmúra. Orúkọ mi ń wò mí láti ògiri. Àwọn ọmọbìnrin náà jókòó ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kálukú dojú kọ ògiri, kálukú ń di ara rẹ̀. Kò sí ìkejì mọ́.

Ọmọ kékeré kan wà nítòsí fèrèsé. Ó fi eyín di etí pílásítà mú, ó ń fi ọwọ́ kan wá ẹ̀yìn èjìká rẹ̀, kò tó o. Pílásítà náà já bọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Mi ò mọ ìgbà tí mo na ọwọ́ gba inú fèrèsé.

Ó gbójú sókè, ó rí mi. Ó mọ̀ mí. Ó yára fa aṣọ rẹ̀ bo èjìká náà, kí n má baà mọ èyí tó ń dùn ún.